Ẹja Orí Òkè Táífù

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ayé ṣe ń fi èèyàn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wo Ṣàkírù. Apẹja ni bàbá rẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀sà lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, apẹja ni bàbá bàbá rẹ̀, òun náà sì ti ń tukọ̀ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń so okùn ṣòkòtò. Ó kó gbogbo ọgbọ́n yìí, ó gbé e dé Jẹ́dà, níbi tí òkun tẹ́ rẹrẹ síwájú ìlú, tí ẹja ń ta lójú omi lójú gbogbo ayé. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, kò fi ìwọ̀ kan omi rí.

Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Èèyàn kì í ṣàdédé ju ìwọ̀ sínú òkun níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ń rìn káàkiri, wọ́n ń béèrè ìwé àṣẹ, ẹni tó bá sì fẹ́ gba ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìkámà hàn, ìyẹn káàdì ìgbélùú tí ìjọba ń fún àlejò. Ṣàkírù ò ní ìkámà. Úmúrà ni òun àti Sẹ̀ríkátù ìyàwó rẹ̀ bá wá. Wọ́n ní kí àwọn ṣiṣẹ́ díẹ̀ kí àwọn tó padà sílé, físà wọn bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Díẹ̀ yẹn ló di ogún ọdún ó lé. Nínú rẹ̀ ni wọ́n bí Safiyya, nínú rẹ̀ náà ni Sẹ̀ríkátù kú sí.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Fadl, ará Yémẹ́nì kan tó ń ta ẹja ní àdúgbò Ṣàráfíyà, ni Ṣàkírù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹja tí àwọn ẹlòmíràn pa ni wọ́n ń kó wá bá a. Á họ ìpẹ́ wọn, á la inú wọn, á fi omi ṣan ẹ̀jẹ̀ dànù. Nígbà míì, á ya ẹnu ọ̀kan wò, á rí ojú ibi tí ìwọ̀ gbà wọlé, á sì mọ̀ bóyá ẹni tó pa á mọ iṣẹ́ tàbí orí ló bá a ṣe é. Ta ni yóò wá sọ fún? Fadl kò fẹ́ ìtàn, ẹja tó mọ́ ló ń fẹ́.

Safiyya ti di ọmọge. Irun ló ń di kiri ilé àwọn obìnrin Lárúbáwá, ọwọ́ rẹ̀ yá, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Lárúbáwá ló fi ń dá a lóhùn, bí gbogbo àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ṣe ń ṣe. Ìyẹn kò dun Ṣàkírù jù. Ohun tó ń dùn ún ni pé ọmọ náà kì í wo ojú òun mọ́.

Ìdí rẹ̀ kò sì ṣòro. Ní ọjọ́ tí Sẹ̀ríkátù kú sí ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ọlọ́pàá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Bóyá nítorí nǹkan mìíràn ni wọ́n ṣe wà níbẹ̀, Ṣàkírù ò dúró béèrè. Òdìkejì títì ló dúró sí, lábẹ́ ìbòji ṣọ́ọ̀bù kan, ibẹ̀ ló ti ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Àwọn àjèjì ló kírun sí i lára, àwọn àjèjì ló sin ín. Nígbà tí Safiyya délé, ojú rẹ̀ ti wú, ó dúró sí àárín yàrá, ó sì bi í léèrè ní Lárúbáwá pé, "Yábà," ìyẹn bàbá mi, "kí lẹ mọ̀ ọ́n ṣe, yàtọ̀ sí kí ẹ sá pamọ́?" Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, ọmọ ń kí i láàárọ̀, ó ń kí i lálẹ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn jókòó sáàárín wọn bí àlejò tí kò fẹ́ lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, Safiyya jókòó sórí ẹní, ó ń wo fọ́nrán kan lórí fóònù rẹ̀. Òyìnbó kan ló gbé ẹrù ńlá kọ́ ẹ̀yìn, tó ń gun òkè kan tí yìnyín bo orí rẹ̀. Ó gun ún títí tó fi dé adágún kan tó mọ́ gaara láàárín àpáta. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó pàgọ́, ó yọ ọ̀pá ìwọ̀ jáde. Ṣàkírù tó ń gé èékánná lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kàn yọjú wò ó ni, kò mọ ìgbà tí ẹnu òun là. Ó ní ọkùnrin yẹn kò ní pa nǹkan kan, pé ó kẹ̀yìn sí oòrùn, òjìji rẹ̀ sì ti ṣáájú ìwọ̀ rẹ̀ dé orí omi. Ó ní ẹja tó bá rí òjìji kì í dúró kí i.

Safiyya tún kọjú sí fóònù. Òyìnbó ju ìwọ̀, ó fà á, ó tún un jù, òfìfo. Ìgbà tó wá rìn yípo adágún náà, tó kọjú sí oòrùn, ni ẹja gbé e. Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ṣàkírù ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí. Ti ìyá rẹ̀ ni, wọn ò yọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ó ní kí bàbá òun wá jókòó ti òun, kí àwọn wo òmíràn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ìṣe wọn ní gbogbo Jímọ̀. Ṣàkírù á máa bú àwọn apẹja òyìnbó, Safiyya á máa rẹ́rìn-ín. Ó wá di ọjọ́ kan, ó bi bàbá rẹ̀ bóyá lóòótọ́ ló mọ iṣẹ́ náà tó báyìí. Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ní ọ̀rọ̀ ẹnu ni, pé òun ò gbà àfi bí òun bá fojú ara òun rí i. Ó fi ẹ̀rín sọ ọ́, ṣùgbọ́n Ṣàkírù ò fi ẹ̀rín gbọ́ ọ. Ó pinnu nínú ọkàn rẹ̀ pé Safiyya yóò rí i. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo péré, kí omi wà níwájú òun, kí okùn wà lọ́wọ́ òun, kí ọmọ náà mọ̀ pé ẹni tó bí i kì í ṣe ẹni tó ń sá nìkan. Ohun tó ń wá láyé kò ju ìyẹn lọ mọ́.

Òkun Jẹ́dà kò ṣe é dán wò. Òkè àwọn òyìnbó sì rèé, ẹni tí kò lè dé Mẹ́kà láìwo ẹ̀yìn, báwo ni yóò ṣe dé ilẹ̀ yìnyín? Safiyya ló rí ọ̀nà. Ó wá inú fóònù títí, ó rí adágún kan lórí òkè lẹ́yìn ìlú Táífù, omi òjò tí wọ́n fi ìdènà sé mọ́ àárín àwọn òkè, níbi tí kùrukùru ti ń bo ilẹ̀ láàárọ̀, tí òtútù sì ń mú bí ẹni pé kì í ṣe ilẹ̀ Lárúbáwá. Àwòrán ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó gbé ẹja sókè. Ṣàkírù fi ìka fẹ àwòrán náà lójú, ó ní epìyà ni, pé òun mọ̀ ọ́n bí òun ṣe mọ orúkọ òun.

Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ni Mojeed, ọmọ ẹ̀gbọ́n Sẹ̀ríkátù, tó ń kọ́ òfin ẹ̀sìn ní yunifásítì ní Mẹ́kà. Mojeed ní ìkámà. Nígbà Hájì, á wá sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, á máa darí àwọn Àlàájì àti Àlàájà tó ti Nàìjíríà dé sínú bọ́ọ̀sì. Ṣàkírù ń pè é ní Ústáàsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀sìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú òun ló ṣe kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja láìgbé egungun mì. Mojeed ní ó ṣeé ṣe. Ó ní ojú ọ̀nà mọ́tò tó gun òkè Táífù ní ibi àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n ọ̀nà òkúta àtijọ́ kan wà tí àwọn ràkúnmí ń gbà gun òkè kí wọ́n tó la ti mọ́tò, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti fi ẹsẹ̀ gùn ún rí. Bí èèyàn bá lè gbé ẹrù rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kò sí ọlọ́pàá kankan lójú ọ̀nà náà, ìnàkí nìkan ló wà níbẹ̀.

Báyìí ni ètò bẹ̀rẹ̀. Safiyya ra àpò àgbékọ́yìn mẹ́ta àti ẹ̀wù òtútù ní ọjà àlòkù, èyí tó bọ́ sọ́wọ́ bàbá rẹ̀ gùn dé orúnkún, ó dà bí ẹni tó wọ ẹ̀wù ọkọ ìyá rẹ̀. Ṣàkírù gba okùn ìwọ̀ àti òjé lọ́wọ́ Fadl, kò sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ìdẹ ló dà á láàmú jù. Ní ilé, ẹni tó bá fẹ́ ekòló kàn máa walẹ̀ lẹ́bàá odò ni. Jẹ́dà kò ní ilẹ̀ tí ekòló lè gbé. Ó po ìyẹ̀fun pọ̀ mọ́ dàbínù àti òróró ẹja, ó yí i róbótó róbótó, ó kó o sínú ike, òórùn rẹ̀ sì lé Safiyya jáde kúrò nínú yàrá. Mojeed ní kí wọ́n di oúnjẹ sí ìsàlẹ̀ àpò nítorí ìnàkí. Safiyya ń fi ike omi Sámúsámù, omi mímọ́ Mẹ́kà, kún àpò tirẹ̀, ó ń gbé e gun àkàbà ilé láti ìsàlẹ̀ dé òkè kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le, àwọn aládùúgbò sì rò pé ó ń gbé omi fún aláìsàn ni.

Wọ́n kọ́kọ́ ní lẹ́yìn òjò. Òjò ò rọ̀. Wọ́n ní kí Ààwẹ̀ tó dé, àwọn ọlọ́pàá bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn ní Ṣàráfíyà, Ṣàkírù sì sùn sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù Fadl fún ọjọ́ mélòó kan láàárín yìnyín àti ẹja. Ààwẹ̀ dé, ó lọ. Hájì dé, ìgbà tí ẹni tí kò ní ìwé kò gbọdọ̀ sún mọ́ Mẹ́kà rárá, ìyẹn náà lọ. Ìdẹ inú ike bàjẹ́, ó tún òmíràn pò. Ẹlòmíràn ìbá ti jáwọ́. Ṣùgbọ́n ètò yẹn nìkan ni nǹkan tí òun àti ọmọ rẹ̀ jọ ní, bó bá jáwọ́ nínú rẹ̀, kí ni yóò kù?

Ọjọ́ kan wà tó mú un lọ sórí òrùlé láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀. Òjé nìkan ló so mọ́ okùn, kò so ìwọ̀ gan-an. Ó júwe fún un bí ọrùn ọwọ́ ṣe ń ṣe é, pé kì í ṣe agbára apá. Ó ju tirẹ̀, òjé gba àárín àwọn àwo sátẹ́láìtì kọjá, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́ síbi tó fojú sùn gan-an. Safiyya ju tirẹ̀, ó bọ́ sínú àgbá omi aládùúgbò tí ìdérí rẹ̀ ti fò. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, Safiyya fi ọwọ́ di ikùn mú. Láàárín ẹ̀rín náà ni ilẹ̀kùn òrùlé dún. Kí ojú tó ṣẹ́, Ṣàkírù ti lúgọ sẹ́yìn àgbá omi, ó ká orúnkún mọ́ àyà.

Obìnrin kan ló wá kó aṣọ tó sá. Ó kí Safiyya, ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ. Nígbà tí Ṣàkírù yọ jáde, Safiyya ti ń ká okùn. Ojú rẹ̀ ti padà sí ti àtẹ̀yìnwá. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ìbá sàn fún bàbá rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ṣàkírù fi dandan lé e pé òtútù tó ń bọ̀ yìí, àwọn yóò lọ. Òjò ti rọ̀ lórí òkè, fóònù ti fi hàn wọ́n pé adágún ti kún. Ìṣòro kan ṣoṣo tó kù ni ibi àyẹ̀wò tó wà láàárín Jẹ́dà àti Mẹ́kà. Ẹ̀gbẹ́ ojú ọ̀nà yẹn náà ni ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn tí wọ́n fẹ́ dá padà sílé wọn sí. Ṣàkírù fúnra rẹ̀ ṣe é ní àwàdà, ó ní ẹni tí a fẹ́ sun jẹ kì í fi epo para lọ jókòó sídìí iná, àwa sì rèé tí à ń wá mọ́tò lọ síbẹ̀.

Òun náà ló mú àbá háràmí wá, aṣọ funfun méjì tí kò ní rírán, tí ọkùnrin ń wọ̀ lọ ṣe Úmúrà. Àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun nínú háràmí, ta ni yóò dá a dúró? Ọ̀pọ̀ ló ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Mojeed fa ojú ro. Ó ní, "Àlàájì, ẹ má fi aṣọ Ọlọ́run ṣe ẹ̀wù egúngún. Bí ẹ ó bá wọ̀ ọ́, ẹ gba àníyàn Úmúrà tọkàntọkàn, kí ẹ ṣe Úmúrà yín ní Mẹ́kà kí a tó gun òkè." Ṣàkírù ní ta ló fẹ́ fi Ọlọ́run ṣeré? Ó gbà. Mojeed wá kọ́ ọ ní ohun tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: kò gbọdọ̀ gé irun tàbí èékánná, kò gbọdọ̀ pa ẹran orí ilẹ̀, kò gbọdọ̀ jà, kò gbọdọ̀ bú èèyàn, kò gbọdọ̀ parọ́. Ó tún kọ́ ọ ní àdéhùn kan tí wọ́n máa ń so mọ́ àníyàn, pé bí ohunkóhun bá dá mi dúró lọ́nà, ibi tí Ìwọ Ọlọ́run bá ti dá mi dúró ni mo ti bọ́ háràmí.

Ṣàkírù béèrè bóyá ìwọ̀ tí òun fẹ́ kó sínú bẹ́líìtì alápò tí wọ́n ń dì mọ́ háràmí kò ní ba Úmúrà jẹ́. Mojeed rẹ́rìn-ín, ó ní Àlùkùránì ti sọ ọ́ kedere pé ẹran inú omi jẹ́ ẹ̀tọ́ fún ẹni tó wọ háràmí. Inú Ṣàkírù dùn bí ọmọdé. "Ọlọ́run náà mọ̀ pé apẹja ni mí," ló wí.

Ní ti irọ́, wọ́n ṣe ètò tiwọn. Mojeed ni yóò wa mọ́tò tó yá lọ́wọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá dá wọn dúró, òun ni yóò sọ pé bàbá òun rèé, pé ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti Nàìjíríà dé, pé ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó kó wọn wá. Ṣàkírù kò ní la ẹnu. Ẹni tó wọ háràmí kò ní parọ́, ẹni tó ń parọ́ kò ní wọ háràmí. Ó dà bí ọgbọ́n lójú wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n lọ, Ṣàkírù wẹ̀, ó ró ọ̀kan nínú aṣọ funfun náà mọ́ ìdí, ó fi ìkejì bo èjìká, ó kírun, ó gba àníyàn rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn. Safiyya ní òun ò ní ṣe Úmúrà lọ́tẹ̀ yìí, ó wọ ẹ̀wù dúdú, ó fi níkáàbù bo ojú, ojú méjèèjì nìkan ló hàn. Àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà ní ẹ̀yìn mọ́tò. Bí wọ́n ṣe ń jáde kúrò nílùú ni Ṣàkírù bẹ̀rẹ̀ sí í ké Làbáékà, èmi rèé, Olúwa, mo dáhùn. Ó kọ́kọ́ ń ké e bí ẹni tó ń ṣe é kí wọ́n lè gbọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí nǹkan mìíràn fi wọ inú ohùn rẹ̀. Ó rántí ìgbà tí òun àti Sẹ̀ríkátù kọ́kọ́ ké e, tí wọ́n ṣì jẹ́ èwe, tí wọn ò tíì ní nǹkan tí wọ́n ń sá fún. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ sórí aṣọ funfun náà, kò nù ún.

Wọ́n dé ibi àyẹ̀wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni ọlọ́pàá náà, ojú rẹ̀ kò le. Mojeed na ìkámà tirẹ̀ sí i, ó ka irọ́ tó ti há sórí, bàbá òun rèé. Ọlọ́pàá mi orí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Ó wá rí omi lójú bàbá àgbà yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bi Ṣàkírù fúnra rẹ̀ ní ìbéèrè tí èèyàn ń bi àlejò láti fi dá a lára yá. Ó ní, "Hájì, ẹ fi wá sínú àdúrà yín. Ìgbà wo lẹ dé ilẹ̀ wa?"

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ọmọdé lè sọ ọ́. Ṣàkírù ti parọ́ tó jù ú lọ fún àwọn tó burú jù ú lọ, irọ́ ló fi jẹun fún ogún ọdún. Ó la ẹnu. Làbáékà ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì sí àyè fún nǹkan mìíràn níbẹ̀.

"Ó ti lé ní ogún ọdún," ló wí ní Lárúbáwá.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọlọ́pàá náà díẹ̀díẹ̀. Mojeed yára sọ pé bàbá òun ń ṣàwàdà, pé ọjọ́ orí ti ń dé sí i. Ọlọ́pàá ò wo Mojeed. Ó ní ìkámà rẹ̀ dà. Ṣàkírù ní òun ò ní. Ó ṣí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀ sójú títì, aṣọ funfun ń fẹ́ lára rẹ̀. Kò sá, kò tẹrí ba. Ó gbọ́ tí ọlọ́pàá ń béèrè ẹni tó wà lẹ́yìn mọ́tò, ó gbọ́ tí Mojeed sọ pé ìyàwó òun ni. Ọlọ́pàá yí ojú kúrò, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe sí obìnrin olóbìnrin ní ilẹ̀ wọn. Ṣàkírù mọ̀ pé bí òun bá wẹ̀yìn báyìí, ojú òun yóò sọ ẹni tí ọmọ náà jẹ́. Kò wẹ̀yìn. Ó rìn lọ síbi tí wọ́n júwe fún un, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un ní gbogbo ìgbà náà pé Safiyya ń wò ó.

Nínú ọgbà náà, ẹ̀ṣọ́ kan tú bẹ́líìtì rẹ̀, ó rí ìwọ̀ tí a dì sínú bébà. Ó béèrè ohun tí ẹni tó ń lọ ṣe Úmúrà fẹ́ fi ìwọ̀ ṣe. Ṣàkírù ní òun fẹ́ lọ pa ẹja lórí òkè. Ẹ̀ṣọ́ náà pe ẹnì kejì rẹ̀ kó wá gbọ́. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n kó wọn sí, àwọn èèyàn rí i nínú háràmí, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó gbàdúrà fún àwọn. Ó rántí àdéhùn rẹ̀. Ó sọ pẹ̀lẹ́ pé Ọlọ́run, ibí lo ti dá mi dúró. Ẹnì kan fún un ní jàlàbíà àlòkù, ó bọ́ aṣọ funfun náà, ó ká a, ó fi ṣe ìrọ̀rí.

Ẹ má ṣe rò pé inú rẹ̀ bàjẹ́ tán láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ó dùn ún pé òun kò dé adágún, ṣùgbọ́n ó ní nǹkan kan tó ń fi ra ọkàn rẹ̀ níyè. Ó ń rò ó pé Safiyya ti rí i. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi sọ̀kalẹ̀, ọ̀sán gangan ló fi rìn, kò lúgọ sẹ́yìn nǹkan kan. Ìbéèrè tí ọmọ náà ti bi í láti ọjọ́ ikú ìyá rẹ̀, ó gbà pé òun ti dáhùn rẹ̀. Bóyá ìyẹn tiẹ̀ ju ẹja lọ. Ó ń gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò lóròòwúrọ̀, ó ń dùn mọ́ ọn.

Nígbà tó rí fóònù yá lọ́wọ́ ẹnì kan, Safiyya gbé e. Ní Lárúbáwá, ó béèrè bóyá bàbá òun ti jẹun, bóyá òtútù ń mú un. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Wọ́n ti gba ìkámà Mojeed, wọ́n ní kó wá jẹ́jọ́ pé ó gbé ẹni tí kò ní ìwé. Ọdún tó kẹ́yìn ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló wà, ó sì ti ń di ìwé rẹ̀ sínú páálí. Wọ́n tún ní kó mú ìwé ìgbéyàwó wá, ti ìyàwó tó sọ pé ó wà lẹ́yìn mọ́tò. Nítorí náà ni Safiyya ṣe kó kúrò ní Ṣàráfíyà. Ọ̀dọ̀ Awatif, obìnrin kan tó ń dirun fún, ló ń sùn, Awatif sì ti sọ fún un pé ọkọ òun kò fẹ́ ọ̀ràn, kó máa wá ibòmíràn. Àwọn àpò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ti kó wọn sí ibi ààtàn.

Ṣàkírù tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀, bí kò sì bá béèrè rẹ̀, ó lè kú. Ó ní, "Safiyya, ṣé o rí mi bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀?"

Nígbà tí Safiyya máa sọ̀rọ̀, Yorùbá ló fi sọ ọ́, Yorùbá ìyá rẹ̀ tí bàbá ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré, ó ń yan ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣì í gbọ́.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò parọ́?"

Ó ní háràmí ló wà lára òun. Ó ní kò sí bí òun ṣe lè ṣe é.

"Láti ìgbà tí ẹ ti bí mi lẹ ti ń parọ́ kí wọ́n má baà mú yín. Mo mọ̀ ọ́n, mo bá yín pa á. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí irọ́ máa gbà wá lẹ wá sọ òótọ́." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi ńkọ́, Bàbá?"

Ṣàkírù di fóònù mú mọ́ etí. Ẹni tó ni ín ń na ọwọ́ sí i pé owó tó wà lórí fóònù náà ń tán. Ó ṣì ń wá ọ̀rọ̀ nígbà tí fóònù kú.

Wọ́n gbé e wálé pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èèyàn bíi tirẹ̀. Abúlé wọn ṣì wà lẹ́bàá ọ̀sà, omi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ilé, kò sí ẹ̀ṣọ́ kankan tó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn èèyàn ń pè é ní Àlàájì, wọ́n ń bi í bí Mẹ́kà ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin gbé okùn àti ìwọ̀ fún un, ó ní kó lọ fi omi tu ara rẹ̀ nínú. Ṣàkírù lọ. Ó so ìwọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ó fi ekòló sí i. Ó kọjú sí oòrùn, òjìji rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà, ẹja sì ń ta níwájú rẹ̀. Ó jókòó síbẹ̀ títí ekòló fi gbẹ lẹ́nu ìwọ̀, ó ń wá ohun tí ìbá ti fi dá ọmọ náà lóhùn.

Nọ́ńbà Safiyya kò lọ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, Ṣàkírù tú ìwọ̀ náà kúrò lára okùn, ó sì dá a padà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.